Adágún Omi Ìlọrin àti Àwọn Ẹ̀dá tí ń Ṣọ́ Ọ

Àwọn àgbà a máa wí pé omi kò ní ọ̀tá. Òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ náà ní ti pé kò sí ẹ̀dá tí ó lè kọ omi sílẹ̀ kí ó sì yè. Ṣùgbọ́n bí a bá wo ìwà tí àwọn ènìyàn ń hù sí odò àti adágún, ó dàbí ẹni pé àwọn tí ń mu omi gan-an ni ó ti di ọ̀tá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kan gbogbo ilẹ̀ Yorùbá. Ṣùgbọ́n ó kan ìlú Ìlọrin jù, nítorí pé ìlú ńlá ni, inú adágún tí a fi odi sé ni omi ẹ̀rọ rẹ̀ sì ti ń wá.

Adágún mẹ́ta ni ìlú náà gbójú lé: Asa, Agba àti Sobi. Odò Asa ti ìhà gúúsù wá, ó la ìlú já sí méjì, ó sì ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ sí ìhà àríwá títí omi rẹ̀ fi dé Odò Ọya. Láti oṣù kẹrin títí dé oṣù kẹwàá ni òjò ń rọ̀ ní agbègbè náà. Nígbà tí ọyẹ́ bá dé, tí àwọn odò kéékèèké bá gbẹ, kò sí ohun tí ó kù fún ìlú bí kò ṣe omi tí odi ti gbà sílẹ̀ nígbà òjò. Nítorí náà ẹni tí ó bá ba adágún jẹ́ nínú oṣù kẹfà, nínú oṣù kejì ọdún tí ń bọ̀ ni òùngbẹ yóò gba ẹ̀san lára rẹ̀.

Èrò ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ni pé adágún dàbí ìkòkò ńlá kan: omi ni kí ó wà nínú rẹ̀, kí ohun mìíràn kúrò níbẹ̀. Bí wọ́n bá rí esùsú ní etí rẹ̀, wọ́n a pè é ní ìdọ̀tí. Bí wọ́n bá rí pẹ́pẹ́yẹ igbó, wọ́n a gbé ìbọn. Bí wọ́n bá rí ilẹ̀ ọlọ́ràá ní bèbè, wọ́n a kọ ebè dé ibi tí omi ti ń kan ọkọ́. Èrò náà kò tọ̀nà. Igbó bèbè, koríko inú omi, ẹja, ẹyẹ àti àkèré ni ó ń pa adágún mọ́. Níbi tí a bá ti lé wọn lọ, omi pàápàá kì í pẹ́ kí ó tó tẹ̀lé wọn.

Kí àgbẹ̀ kọ́kọ́ ro ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí ilẹ̀. Bí a bá gé igi bèbè fún ìdáná àti èédú, tí a sun koríko, tí a sì túlẹ̀ dé etí omi, kò sí gbòǹgbò tí yóò di erùpẹ̀ mú mọ́. Òjò àkọ́rọ̀ a bọ́ sórí ilẹ̀ òfìfo, a sì gbá erùpẹ̀ òkè, èyí tí ó dára jù lọ, sínú adágún. Ohun tí ì bá mú iṣu ta àti àgbàdo yọmọ di ẹrẹ̀ ní ìsàlẹ̀ omi. Ibi tí ẹrẹ̀ bá sì jókòó sí, omi kò lè jókòó síbẹ̀ mọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Odi náà a dúró bí ó ti wà, ojú omi a sì tẹ́ rẹrẹ bí ti àtẹ̀yìnwá, bẹ́ẹ̀ ni jíjìn rẹ̀ ti lọ; ìlú kì yóò sì mọ̀ títí di ọjọ́ tí ẹ̀rọ kò ní yọ omi mọ́.

Ẹ̀bi náà kò mọ sí ti àgbẹ̀ nìkan. Ilé ti yí adágún Agba ká. Pàǹtí ọjà àti omi ìdọ̀tí ilé a sì máa bá gọ́tà wọ inú àwọn odò ìlú. Ajílẹ̀ tí òjò gbá kúrò ní oko a mú kí ewéko omi pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, títí ojú oró yóò fi bo ojú omi, tí afẹ́fẹ́ yóò sì di ọ̀wọ́n fún ẹja nísàlẹ̀. Bí omi bá ṣe dọ̀tí tó, bẹ́ẹ̀ ni álọ́ọ̀mù àti owó tí a ó fi wẹ̀ ẹ́ mọ́ yóò ṣe pọ̀ tó. Báyìí ni àgbẹ̀ ṣe ń pàdánù lẹ́ẹ̀mejì: ilẹ̀ rẹ̀ ti ṣí lọ, ọmọ rẹ̀ tí ó wà nígboro sì ń ra omi inú kẹ́ẹ̀gì tí a fi ọmọlánke tì kiri.

Nísinsìnyí kí a wo iṣẹ́ àwọn ẹ̀dá náà. Esùsú àti eèsún tí ó wà ní bèbè a máa dá àgbàrá dúró, a sì máa mú kí ẹrẹ̀ rẹlẹ̀ kí omi tó wọlé. Ẹja wẹ́wẹ́ a máa jẹ tanwíji kí ó tó di ẹ̀fọn; lámilámi pàápàá, nígbà tí ó ṣì wà nínú omi, tanwíji ni oúnjẹ rẹ̀, nígbà tí ó bá sì hu ìyẹ́ tán, ẹ̀fọn ni ó ń lé kiri. Ọ̀pọ̀lọ́ àti àkèré a máa jáde lálẹ́ wá jẹ kòkòrò inú oko. Lékèélékèé a máa tẹ̀lé màlúù láti ṣa tata jẹ. Àlàpàndẹ̀dẹ̀ a máa fò lójú omi láti ìyálẹ̀ta títí di àṣálẹ́, kòkòrò nìkan ni ó sì ń wá. Àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí kì í gba owó oṣù. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni ibi tí wọ́n yóò yé ẹyin sí àti omi tí kò ní májèlé.

Níhìn-ín ni ẹnìkan yóò ti béèrè nípa àrùn, ìbéèrè náà sì tọ́, nítorí pé adágún tí a kò tọ́jú lè mú àìsàn wá. Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ìtàn sòbìà, àrùn tí ó jẹ àwọn abúlé Kwara níyà púpọ̀ láyé àtijọ́. Nígbà tí a ka àwọn aláìsàn náà káàkiri Nàìjíríà láàárín ọdún 1988 sí 1989, iye wọn ju 650,000 lọ. Ẹni tí ó bá mu omi tí kòkòrò kékeré tí ó gbé àrùn náà wà nínú rẹ̀, bí ọdún kan bá ti kọjá, aràn a yọ ní ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí ó bá sì ti ẹsẹ̀ náà bọ omi, a tún kó àrùn sínú rẹ̀ fún àwọn ẹlòmíràn. Báwo ni a ṣe ṣẹ́gun rẹ̀? A kò fọ́n omi àwọn adágún dànù. A kọ́ àwọn ènìyàn láti fi aṣọ sẹ́ omi mímu. A kìlọ̀ fún ẹni tí aràn ń yọ lára rẹ̀ kí ó má wọ odò. A fi oògùn díẹ̀ sínú omi tí ó yẹ. A sì gbẹ́ kànga fún àwọn abúlé. Ní ọdún 2008 ni a rí aláìsàn ìkẹyìn ní Nàìjíríà, ní ọdún 2013 sì ni Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí pé àrùn náà ti kúrò nílẹ̀ yìí. Ìwà ènìyàn ni a tún ṣe, omi sì wà ní ipò rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó yẹ kí ó rí pẹ̀lú àtọ̀sí ajá, èyí tí ń mú kí ọmọdé máa tọ ẹ̀jẹ̀. Ara ìgbín omi kéékèèké ni àrùn náà ti ń jáde wọ ara ẹni tí ó bá wọ inú omi. Ṣùgbọ́n ìgbín náà kò lè ní in bí kò bá jẹ́ pé ènìyàn tọ̀ tàbí yàgbẹ́ sínú omi ṣáájú. Nítorí náà, kí a yan ibi kan ṣoṣo fún ìpọnmi àti fífọ aṣọ, kí a ro ó mọ́, kí a sì fi òkúta tẹ́ ẹ, kí koríko má baà hù níbẹ̀ fún ìgbín láti fara mọ́. Kí a gbẹ́ ṣáláńgá sí ibi tí ó jìnnà sí omi. Kí a sì mú ọmọ tí ń tọ ẹ̀jẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn, nítorí oògùn rẹ̀ wà. Níbi yòókù ní bèbè, kí koríko dúró. Ẹja àti ẹyẹ kan wà níbẹ̀ tí ìgbín omi jẹ́ oúnjẹ wọn.

Pé kí àwọn ẹ̀dá àti ìwúlò omi jọ gbé pọ̀ kì í ṣe àlá. Ní Òṣogbo, igbó tí ó wà létí Odò Ọ̀ṣun ṣì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú títí di òní, ó tó hẹ́kítà 75, nítorí pé láti ìran dé ìran ni a ti ka ọdẹ ṣíṣe, ẹja pípa àti igi gígé níbẹ̀ sí èèwọ̀. Ní ọdún 2005 ni àjọ UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn ibi tí gbogbo ayé ń pamọ́. Onígbàgbọ́ kò ní láti bá wọn bọ odò kí ó tó kọ́ ọgbọ́n tí ó wà nínú òfin náà. Bí ìbẹ̀rù òrìṣà bá lè pa igbó kan mọ́, ó yẹ kí ìbẹ̀rù Ẹlẹ́dàá tí ó dá ẹja àti ẹyẹ lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òfin Mósè pàápàá kọ̀ fún ẹni tí ó bá rí ìtẹ́ ẹyẹ lójú ọ̀nà láti kó ìyá pẹ̀lú ọmọ rẹ̀. A pàṣẹ fún un kí ó jẹ́ kí ìyá lọ. Ìtumọ̀ rẹ̀ yé àgbẹ̀ dáadáa: kì í ṣe gbogbo èso ni a ń jẹ, a ń fi irúgbìn pamọ́.

Ní Ìbàdàn bákan náà, nígbà tí a dá ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ti IITA sílẹ̀ ní ọdún 1967, a sé odò kan láti fi ṣe adágún fún omi lílò, a sì jẹ́ kí igbó hù padà lórí apá kan nínú ilẹ̀ náà. Igbó ọ̀hún ti di ibùgbé ọ̀kan nínú àwọn ẹyẹ tí ó ṣọ̀wọ́n jù lọ láyé, ìbátan ẹ̀ga kan tí orí rẹ̀ pupa, tí a kò rí rí níbòmíràn ju ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà lọ. Ọdún 1958 ni àwọn onímọ̀ kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀ sínú ìwé, orúkọ Ìbàdàn ni wọ́n sì fi pè é. Ibi tí a ti ń ṣe ìwádìí ẹ̀gẹ́, àgbàdo àti ẹ̀wà ni ẹyẹ náà ti rí ibi fara pamọ́ sí; iṣẹ́ oko kò dí i lọ́wọ́, òun náà kò sì dí iṣẹ́ oko lọ́wọ́.

Ẹ̀kọ́ kan tún wà tí kò dùn, tí ó sì yẹ kí a sọ. Nígbà tí a parí odi Kainji lórí Odò Ọya ní ọdún 1968, omi bo ìlú Bussa àtijọ́ àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ abúlé. Àwọn ènìyàn tí ó tó bí 44,000 ni a kó lọ sí ibi tuntun. Ní ọdún 1979, ìjọba àpapọ̀ fi òfin sọ ilẹ̀ Borgu àti Zugurma tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ adágún náà di ọgbà ẹranko ti orílẹ̀-èdè. Ìpínlẹ̀ Kwara ni Borgu wà nígbà náà, títí di ọdún 1991. Iná mànàmáná jáde, erinmi àti ẹyẹ omi rí àbò, ọ̀pọ̀ apẹja sì rí iṣẹ́ lórí adágún. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń gbé ní ìsàlẹ̀ odò rí i pé ẹja wọn dínkù, nítorí pé ìkún omi ọdọọdún kò dé pápá tí ẹja ti ń yé ẹyin mọ́. Ohun tí èyí fi hàn ni pé a kò gbọdọ̀ di ẹrù ohun rere lé orí àwọn díẹ̀, kí àwọn tí ó jìnnà sì máa jẹ èrè rẹ̀.

Ní òkè òkun náà, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé, a rí irú rẹ̀. Ní Walthamstow ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, adágún mẹ́wàá wà tí a gbẹ́ láti ọ̀rúndún 19 fún omi mímu ìlú. Fún ọdún pípẹ́ ni a fi ọgbà yí wọn ká tí ará ìlú kò sì lè wọlé fàlàlà. Wọ́n gbin esùsú sí etí wọn, wọ́n pa erékùṣù inú wọn mọ́ fún ẹyẹ, wọ́n sì ṣí ilẹ̀kùn fún gbogbo ènìyàn ní ọdún 2017. Títí di òní ni ìlú ṣì ń mu omi wọn. Àwọn ẹyẹ kéékèèké tí ń kọ́ ìtẹ́ sínú esùsú níbẹ̀ kò lè gba òtútù. Bí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn bá ti parí, wọ́n a fò kọjá aṣálẹ̀ Sàhárà wá sí Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Bí wọ́n bá bá esùsú tí a ti sun àti omi tí a ti bù májèlé sí, asán ni iṣẹ́ àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù.

Kí ni ó kù kí Ìlọrin ṣe? Ohun àkọ́kọ́ ni kí a fi ilẹ̀ tí ó fẹ̀ tó ogójì ìgbésẹ̀ sílẹ̀ yí àwọn adágún ká, láti ibi tí omi ń dé nígbà tí òjò bá pọ̀ jù, kí a má ṣe túlẹ̀ níbẹ̀, kí a má ṣe sun ún, kí a má sì ṣe kọ́lé sí i. Ọ̀rọ̀ yìí yóò le létí ẹni tí oko rẹ̀ wà níbẹ̀, ìrora rẹ̀ kì í sì í ṣe ohun ìfojútẹ́ńbẹ́lú. Ilẹ̀ etí omi ni ó ń fún un ní ewébẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí owó tẹ̀tẹ̀ àti ilá gbé pẹ́ẹ́lí. Kò tọ́ kí a wí fún un pé kí ó lọ nítorí ẹyẹ, kí a sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kí ìjọba tí ń gba owó omi lọ́wọ́ ará ìlú fún un ní ilẹ̀ mìíràn, tàbí kí ó fà páìpù omi dé oko rẹ̀ lókè. Ó sì yẹ kí a fún un ní ẹ̀tọ́ lórí igi tí a bá gbìn sí ilẹ̀ náà: igi emi tí a ń fi èso rẹ̀ ṣe òrí, irúgbá fún irú, mángòrò, àti oparun tí gbòǹgbò rẹ̀ ń di bèbè mú. Ilé oyin lè wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá ń rí owó lára igi kì yóò gé e, kì yóò sì gbà kí ẹlòmíràn gé e.

Ohun kejì ni ti darandaran. Màlúù kò lè ṣàìmu omi. Ṣùgbọ́n bí agbo ẹran bá ń sọ̀ kalẹ̀ níbi gbogbo, pátákò wọn a wó bèbè lulẹ̀. Kí àwọn baálẹ̀ àti àwọn àgbà Fúlàní jọ jókòó, kí wọ́n yan ọ̀nà kan tàbí méjì, kí a fi òkúta tẹ́ wọn. Ohun kẹta ni ti apẹja. Ẹni tí ó da oògùn kòkòrò kòkó sínú omi láti fi pa ẹja kó oúnjẹ ọ̀la fún ìpẹ́ẹ̀rẹ́ òní. Májèlé náà sì ń bẹ nínú ẹja tí ó tà fún aládùúgbò rẹ̀. Kí a má ṣe fi àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́ kó ọmọ epìyà àti ọmọ àrọ̀. Kí a sì fi apá kan adágún sílẹ̀ láìpẹja nínú rẹ̀ nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, tí ẹja ń yé ẹyin.

Iṣẹ́ náà ní àkókò tirẹ̀. Láti oṣù kọkànlá, kí ọyẹ́ tó le, kí a ro ọ̀nà tí iná kò lè fò kọjá yí ilẹ̀ bèbè ká. Nínú oṣù kejì àti ìkẹta, nígbà tí omi bá fà sẹ́yìn, kí a kó pàǹtí tí ó hàn síta. Nígbà tí òjò bá fẹsẹ̀ múlẹ̀ nínú oṣù karùn-ún àti ìkẹfà, kí a gbin igi àti koríko onígbòǹgbò jíjìn. Lórí ilẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí ó wà lókè, kí àgbẹ̀ máa kọ ebè dábùú òkè, kì í ṣe láti òkè sí ìsàlẹ̀, kí àgbàrá má baà rí ọ̀nà sáré.

Ìjọba ni ó ni odi àti ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n kò lè fi ọlọ́pàá sí ìdí igi kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè. Ẹni tí ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àti ẹni tí ń lọ sí mọ́ṣáláṣí, omi adágún kan náà ni wọ́n ń pọn. Àwọn ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ lọ́wọ́ méjèèjì lè jọ gbin igi ní bèbè kan náà. Ísáákì, ọmọ Ábúráhámù, kò sọ̀rètí nù nígbà tí ó bá àwọn kànga baba rẹ̀ tí àwọn ọ̀tá ti fi erùpẹ̀ dí. Ó tún wọn gbẹ́, ó sì pè wọ́n ní orúkọ tí baba rẹ̀ ti fún wọn. Àwọn adágún Ìlọrin ń di pẹ̀lú, kì í ṣe ọ̀tá ni ó sì ń dí wọn. Ẹni tí erùpẹ̀ oko rẹ̀ wà nínú wọn lè bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe lọ́dún yìí, kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé, pẹ̀lú ogójì ìgbésẹ̀ ilẹ̀ tí ó bá fi sílẹ̀ létí omi.